Owó Ilé Mẹ́rin Lábẹ́ Páànù Kan

Bàbá Múfú, télọ̀ tó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ṣe ṣọ́ọ̀bù títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ owó ilé mẹ́rin yìí fún mi. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó san án. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Àgbà tó ni ilé gan-an, tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín ni tiwọn máa ń parí sí. Ti Bàbá Múfú nìkan ló ń lọ síwájú díẹ̀ kọjá ẹ̀rín.

Nígbà tí a sin Ìyá Àgbà tán lọ́dún tó kọjá, àwọn èèyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n rántí nípa rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹni kejì ní ọwọ́ rẹ̀ kì í di owó mú. Ẹni kẹta, tí Ìyá Àgbà kò kí fún ọdún gbọọrọ nítorí apẹ̀rẹ̀ kan tó yá tí kò dá padà, ní ìyá òun ni obìnrin náà jẹ́ fún òun. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu wọn. Ó ṣe mí bí ẹni pé òkú ẹlòmíràn la gbé sin. Mo ní nígbà tí mo bá délé, n ó kọ ti ẹni tí èmi mọ̀.

Àjíkẹ́ ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́gùúsí ni gbogbo Ìgbó-Ọrà ń pè é. Ẹ̀gúsí ló fi kọ́ ilé, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, tí ilé onípáànù kò tíì wọ́pọ̀ ládùúgbò wa. Ilé náà wà níparí ìlú, lójú ọ̀nà Ìdèrè, níbi tí ògiri ti tán tí oko bẹ̀rẹ̀. Tí o bá jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ìlú lo bá pàdé, àwọn tó ń kọjá á sì kí ọ. Tí o bá gba ẹ̀yìn jáde, orí ìtàkùn bàrà tí ẹ̀gúsí ń wà nínú èso rẹ̀ lo máa tẹ ẹsẹ̀ lé.

Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà gbà gbọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni pé kò sí nǹkan tí a kì í ná. Kò ka ọjà nínà sí ọ̀nà àtidín owó kù. Ọ̀rọ̀ ló kà á sí. Tí ó bá pe iye kan, ó ń retí kí o bínú díẹ̀, kí o rẹ́rìn-ín, kí o pe iye tìrẹ, kí o yíjú padà bí ẹni tó ń lọ, kí òun pè ọ́ padà, kí o bi òun pé jálẹ̀ ńkọ́, kí òun búra pé òun kò jèrè. Nígbà tí ẹ bá fi máa parí rẹ̀, o ti mọ iye ọmọ tí ó bí, òun náà ti mọ ibi tí bàbá rẹ ti wá. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Iye tí mo kọ́kọ́ pè, mo fi kí ọ ni. Dáhùn."

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn nígbà kan tó kọ oògùn ikọ́ fún un. Ó ní kó máa lo ṣíbí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

"Ẹ jẹ́ n máa lò ó lẹ́ẹ̀kan," Ìyá Àgbà wí.

"Ìyá, a kì í ná oògùn."

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ńkọ́?"

Inú bí nọ́ọ̀sì. Ó ní tí kò bá fẹ́, kó gbé ìgò sílẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ìgò délé, ó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ náà sì lọ. Ó fọ ìgò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sójú oòrùn, ó wá wo ojú wa bí ẹni tó bá ẹjọ́ dé ìparí. "Ẹ rí i pé ọmọbìnrin yẹn ti fi ọ̀kan lé e tẹ́lẹ̀."

Èmi náà ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Owó tí mo kọ́kọ́ gbà lẹ́nu iṣẹ́, mo fi ra àǹkárá fún un, mo sì gbé e wá pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ tó ti di ẹni ńlá. Ó na aṣọ náà, ó fi ọwọ́ pa á, ó bi mí léèló ni wọ́n pè é. Mo sọ fún un. Ó bi mí léèló ni mo san. Mo ní iye tí wọ́n pè ni. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò dúpẹ́, kò sì bú mi. Ó ní, "Aláṣọ yẹn á ti rò pé ìwọ àti òun ní ìjà."

Bàrà ló fà á tí òun àti wolé-wolé fi ń jà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀gúsí mọ̀ pé a kì í yọ kóró rẹ̀ ní tútù. Wọn á kó bàrà jọ bí òkè, wọn á fi kùmọ̀ fọ́ ọ, wọn á sì fi í sílẹ̀ kó jẹrà, kí inú rẹ̀ di omi, kó tó ṣeé gbé lọ sódò láti fọ̀. Láàárín ìgbà tó ń jẹrà yẹn, òórùn rẹ̀ kò ṣeé júwe fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Kì í ṣe òórùn tó ń kọjá lọ. Ó máa ń wọlé, ó máa ń jókòó. Àwọn èèyàn a máa ṣe é lóko, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní wọ́n ń jí tòun lóko, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń kó o sí, lábẹ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn.

Wolé-wolé dé pẹ̀lú fìlà àti ìwé rẹ̀, ó ní òun fún un ní ọjọ́ méjì kó fi kó ẹ̀gbin náà kúrò. Ìyá Àgbà ní kó fún òun lóṣù kan. Wolé-wolé ní òun kò wá ná ọjà. Ìyá Àgbà fún un ní àga, ó fún un lómi, ó ní kí ó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ìyá rẹ̀ tó bí i. Ọkùnrin náà lọ, ó padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, tó ń kúrò lọ́jọ́ mẹ́rin tó ń bọ̀ sọ́jọ́ márùn-ún, títí wọ́n fi gbà fún ara wọn lọ́jọ́ kan tí bàrà ti jẹrà tán, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, tí ẹ̀gúsí ti funfun lórí ẹní. Wolé-wolé wo ilẹ̀ tó mọ́, ó ní òun yọ̀ pé ìyá náà gbọ́ràn. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ kí i pé ó ṣeun. "Ọmọ gidi ni," ló ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, "ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ."

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ilé.

Yàrá mẹ́rin ló fi rẹ́ǹtì, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìyẹ̀wù tó kángun sí ilé ìdáná. Ayálégbé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sì sí méjì tó ń san iye kan náà. Kò sí ìwé kankan nídìí ẹ̀. Bí oníkálukú ṣe ná an lọ́jọ́ tó dé ló ń san án.

Bàbá Múfú, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ télọ̀ nígbà náà, ná an títí ó fi rìn dé ìdí máńgòrò tó wà lójú ọ̀nà, tí Ìyá Àgbà ń pè é padà, tó tún ń lọ. Ṣílè mẹ́ta lóṣù ló já a lẹ̀ sí, yàrá ẹ̀yìn tó wà nítòsí kànga. Akọ̀wé kóòtù ná tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ẹjọ́, ó gba yàrá iwájú kan ní ṣílè márùn-ún. Ìyá Ìbejì dé tẹ̀lé e, ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, Táíwò wà lẹ́yìn rẹ̀, Kẹ́hìndé wà láyà rẹ̀. Ìyá Àgbà pe ṣílè mẹ́ta.

"Ṣílè kan ni mo ní, Ìyá."

"Kò tó. Àwọn tó o gbé dání yìí ńkọ́? Kí ni àwọn máa san?"

Bàbá Múfú ní Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín lásìkò náà, bóyá nítorí ohùn rẹ̀. Ìyá Àgbà wo ọmọ náà. "Ó ti san tiẹ̀," ló wí, ó sì fún ìyá wọn ní yàrá ẹ̀yìn kejì ní ṣílè kan. Yàrá yẹn ló fẹ̀yìn ti òkìtì bàrà. Kò ní fèrèsé.

Yàrá iwájú tó kù, tó tóbi jù, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ni Tíṣà Láyíwọlá gbà. Abẹ́òkúta ló ti wá kọ́ni nílé ìwé ìjọ, ọkùnrin oníbàtà funfun, tí aṣọ rẹ̀ le gbagidi fún sítáàṣì. Ìyá Àgbà pe ṣílè méje. Ó pe ìyẹn bí èèyàn ṣe ń pè é, kó lè rí ibi sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà mú àpò owó jáde, ó ka ṣílè méje sí i lọ́wọ́.

Ìyá Àgbà kò pa ọwọ́ dé. "Tíṣà, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ, Ìyá? Mo ti san án."

"Ẹ lè ní ó wọ́n."

"Kò wọ́n."

"Ẹ tún inú rò ó. Àwọn kan á ní ó wọ́n."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀làjú kò bá fífa owó mọ́ra ẹni lọ́wọ́ lọ. Ó wọlé, ó ń to ìwé rẹ̀. Ìyá mi ní ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ rí Ìyá Àgbà tí owó wọlé fún tí inú rẹ̀ kò dùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé tí ó bá rò pé ó pọ̀ jù, kí ló dé tí kò dín in kù fún un. Ojú tó fi wò wọ́n kò dáa. "Ṣé kí n máa bá ara mi ná an ni?"

Bí wọ́n ṣe gbé pọ̀ pẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹnì kejì léèló. Tíṣà rò pé ilé kan náà, iye kan náà. Akọ̀wé rò pé òun ló gbọ́n jù. Bàbá Múfú mọ̀ pé òun ló gbọ́n jù. Ìyá Ìbejì kò rò nǹkan kan, ó ń ta èkuru.

Ṣòkòtò ló tú àṣírí. Tíṣà gbé aṣọ wá fún Bàbá Múfú pé kó rán ṣòkòtò fóun fún ọdún ilé ìwé, ó bèèrè owó iṣẹ́. Bàbá Múfú pe ṣílè mẹ́ta láti fi ṣe ẹ̀rín, nítorí kò sí ṣòkòtò kankan nílẹ̀ Ìbàràpá tó jẹ́ ṣílè mẹ́ta láyé náà. Tíṣà ní ó dára. Bàbá Múfú, tó ń wọn ìbàdí rẹ̀ lọ́wọ́, dúró. Ojú tì í.

"Tíṣà, ẹ bá mi ná an, ẹ jọ̀ọ́. Owó ilé mi fún oṣù kan gbáko ni mo pè fún yín yẹn."

"Owó ilé rẹ níbo?"

"Níbí."

Bàbá Múfú ní òun rí bí ikùn Tíṣà ṣe wọlé nínú okùn ìwọ̀n.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Tíṣà kó àwọn ọkùnrin ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìdọ́gba, pé gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run dá bákan náà, pé páànù kan ló bo gbogbo wọn, òjò kan ló ń rọ̀ lé e. Akọ̀wé ní òótọ́ ni, òun náà ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́, pàápàá láti ìṣẹ́jú tó gbọ́ pé télọ̀ ń san mẹ́ta. Bàbá Múfú ní tòun, òun kò ní ẹ̀sùn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ìmọtara-ẹni-nìkan ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó pe Ìyá Ìbejì. Obìnrin ni, ó sì wà nídìí iná.

Wọ́n lọ bá Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé. Ó ń fọ́ bàrà, kùmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi bàrà ti ta sí i láṣọ. Tíṣà tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti Ọlọ́run, ti páànù, ti òjò. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán.

"Ó yé mi. Ẹ fẹ́ kó dọ́gba."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Tí mo bá da gbogbo owó tí mò ń gbà pọ̀, tí mo pín in sí mẹ́rin, ṣílè mẹ́rin-mẹ́rin ni. Èmi ò pàdánù. Ṣé ó dọ́gba?"

"Ó dọ́gba," Tíṣà wí. Akọ̀wé náà ní ó dọ́gba. Bàbá Múfú wo ilẹ̀.

"Yàrá ńkọ́?"

Ó fi kùmọ̀ tọ́ka sí ilé.

"Owó ti dọ́gba, yàrá kò dọ́gba. Mi ò lè fẹ ògiri, mi ò sì lè gbé fèrèsé láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ ó máa yí i ká. Tí oṣù bá ti lé, ẹni iwájú á lọ sẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn á bọ́ síwájú. Tíṣà, ìwọ àti Ìyá Ìbejì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Múfú ní ohun tó ba òun lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Àgbà pe Tíṣà ní ìwọ. Ó tún gbé kùmọ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. "Ìdọ́gba dára," ló wí sí òkìtì bàrà, "ó kàn ń gba ẹrù gbígbé ni."

Báyìí ni Tíṣà ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì onírin, tábìlì, àpótí ìwé àti àwòrán ọba òyìnbó rẹ̀ lọ sí yàrá tí kò ní fèrèsé, ní àsìkò tí bàrà ń jẹrà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń fi lọ́fínńdà ra ògiri. Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́fínńdà àti bàrà ti gbà láti máa gbé pọ̀, wọ́n sì jọ ń tẹ̀ lé e lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò jẹ́ bá a sọ ọ́, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n kàn ń bèèrè àyè láti lọ tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìjọ, bẹ́ǹṣì tó jókòó sí máa ń gùn fún un ni, torí àwọn tó yẹ kí wọ́n jókòó tì í ti rí ibòmíràn. Akọ̀wé bọ́ sí yàrá Bàbá Múfú nítòsí kànga, ó ní ìró ìkòkò omi kò jẹ́ kóun ronú lórí ẹjọ́. Wọ́n bi í ṣé kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà. Ó ní kò bójú mu kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ ìdọ́gba sílẹ̀ láàárín oṣù.

Ìyá Ìbejì ṣí fèrèsé iwájú láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sóko Ìdèrè ń kí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ẹ kú àárọ̀, ìyàwó onílé. Ó gbé àwo èkuru sójú fèrèsé, ó ń tà á láì kúrò nílé. Bàbá Múfú ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà máa ń kọrin.

Ṣùgbọ́n èkuru kò lè san ṣílè mẹ́rin. Nígbà tí oṣù parí, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Kì í ṣe èmi, ọmọ mi," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Àwọn ọ̀gá ilé ló ní kó dọ́gba. Lọ bá wọn."

Bàbá Múfú wà nídìí maṣíìnì, ó gbọ́ ọ. Ó dìde. Ó ní òun kò gbójú sókè sí Ìyá Àgbà rí ṣáájú ọjọ́ náà, òun kò sì tún ṣe é mọ́.

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé kò ní i."

"Mo mọ̀."

"Kò níbi tó máa lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ìyàwó ibẹ̀ kò fẹ́ rí i sójú."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Ẹ wá fẹ́ lé e."

"Mo fẹ́ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà rí i."

"Ìyá, òrùlé ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ yìí."

Ìyá mi ní òun rí Ìyá Àgbà tó wọ ìyẹ̀wù lọ jókòó, tí kò ṣe nǹkan kan, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ṣùgbọ́n kò jáde wá sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹrù Ìyá Ìbejì wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ẹní, ìkòkò, ọlọ kan. Ó ti pọn Táíwò.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kó dọ́gba. Mo ní kí n dágbére fún yín."

"Dágbére kẹ̀? Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Lánlátẹ̀. Ṣílè mẹ́rin ò sí lọ́wọ́ mi."

"Èló lẹ̀ ń san tẹ́lẹ̀?"

"Ṣílè kan."

Tíṣà dúró. Ó wo yàrá ẹ̀yìn tí òun ti ń gbé láti oṣù tó kọjá, ó wo obìnrin náà, ó tún wo yàrá náà, bí ẹni tó ń fi ìṣirò kan wéra. Ó ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí kò funfun mọ́.

"Ìyá, mo fẹ́ padà sí yàrá mi. Ẹ jẹ́ kí tàwọn yòókù wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. N ó san ṣílè méje."

"Rárá."

"Ṣebí iye tẹ́ ẹ pè nìyẹn."

"Ìgbà yẹn nìyẹn. Ṣílè mẹ́wàá ni báyìí."

Tíṣà wò ó. Àwọn ará ilé ti yọjú. Akọ̀wé ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ọṣẹ wà lójú rẹ̀. Bàbá Múfú ní òun rí i bí ẹnu Tíṣà ṣe ń ṣí tó ń pa dé, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ èdè tí wọn kò kọ́ ọ. Ìyá Ìbejì ló ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ ní ó wọ́n, Tíṣà."

"Ó wọ́n," Tíṣà wí jẹ́jẹ́.

Ìyá Àgbà gbé kùmọ̀ sílẹ̀. "Ó wọ́n báwo? Yàrá tí gbogbo Ìgbó-Ọrà ń kí ẹni tó wà níbẹ̀?"

"Ṣílè mẹ́rin ni n ó san."

"Mẹ́rin? Ẹ fẹ́ kí n fi èwo ra páànù nígbà tó bá jò? Ẹ mú mẹ́sàn-án wá."

"Ó ń jò báyìí pàápàá. Ó jò sórí tábìlì mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Ṣílè márùn-ún."

Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé ó fi ọwọ́ tó kún fún omi bàrà gbá itan. Wọ́n ná an. Tíṣà sọ ti ekùrọ́ tí eku ń kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Ìyá Àgbà sọ ti ẹ̀kọ́ ìwé tí òun kò ráyè kọ́. Tíṣà yíjú padà, ó ń lọ, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun rọra rìn, ó fẹ́ẹ̀ dé ilé kí Ìyá Àgbà tó sáré pè é. Ó béèrè jálẹ̀. Ìyá Àgbà búra. Ṣílè mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí, òógùn bo ọkùnrin náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pe Tíṣà ní ẹ̀yin padà. "Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé," ló wí, "òní lẹ tó kí mi."

Ibí yìí ni ìyá mi ń parí ìtàn náà sí. Ibí yìí ni Ìyá Àgbà náà ń parí rẹ̀ sí, tí gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò sọ̀rọ̀ ìdọ́gba mọ́. Bàbá Múfú ní ó tilẹ̀ wá ń ná owó ìgbá nínú ìjọ.

Ṣùgbọ́n Bàbá Múfú á ní kí n má tíì dìde. Ó ní nígbà tí Tíṣà ń gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà síwájú, tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ fún Ìyá Ìbejì pé ó bọ́, ọlọ àti ìkòkò ni obìnrin náà kọ́kọ́ gbé sẹ́yìn. Ó padà wá mú ẹní. Ó dúró díẹ̀ lójú fèrèsé iwájú. Ìyá Àgbà rí i.

"Kí lo tún gbàgbé?"

"N kò gbàgbé nǹkan kan, Ìyá. Mo fẹ́ràn fèrèsé ni."

Kò sẹ́ni tó ti bi í tẹ́lẹ̀ bóyá ó fẹ́ràn nǹkan kan nínú ilé náà. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó pẹ́. Ó pe káfíńtà, ó ní kó la fèrèsé sí yàrá ẹ̀yìn, fèrèsé tó dára, tó ní ìlẹ̀kùn méjì. Ògiri kan ṣoṣo tó ṣeé là ni èyí tó kọjú sí òkìtì bàrà. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Ìyá Àgbà ní nítorí fèrèsé, owó ilé á di ṣílè kan àti tọ́rọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣílè. Ó pè é tán, ó dúró, ó ń retí.

Ìyá Ìbejì tú ìdí ìró, ó mú tọ́rọ́ jáde, ó fi sí i lọ́wọ́.

"O ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ, Ìyá?"

Ó gbé ilé náà títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi dàgbà tí wọ́n wá kó o lọ. Ó ń kí Ìyá Àgbà láàárọ̀, ó ń bá a fọ ẹ̀gúsí lódò, wọn kò jà rí. Gbogbo iye tí Ìyá Àgbà bá pè fún un, yálà ti ilé ni, yálà ti ẹ̀gúsí tó fẹ́ rà, ó ń san án láìsọ̀rọ̀. Ó sì máa ń ti fèrèsé náà pa.

Ọdún tí Ìyá Àgbà kò jáde mọ́, mo jókòó tì í lórí ẹní, a jọ ń pa ẹ̀gúsí. Láìjẹ́ pé mo bi í ní nǹkan kan, ó ní, "Mo fẹ́ yọ tọ́rọ́ yẹn. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀." Mo ní kí ló dé tí kò yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ àǹkárá. Ó ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ní, "Mo ti rò ó. Mi ò mọ iye tí ǹ bá pè fún un."

Ní báyìí wọ́n ti fi ilé náà sílẹ̀ fún àwa ọmọ ọmọ, a fẹ́ fi í rẹ́ǹtì, a kò sì tíì fẹnu kò. Ìwọ tó bá mi dé ibí yìí, ká ní ìwọ ni onílé lọ́jọ́ náà, tí Tíṣà dúró lápá kan pẹ̀lú ṣílè mẹ́fà ààbọ̀, tí Ìyá Ìbejì dúró lápá kejì pẹ̀lú ẹní rẹ̀ àti ṣílè kan, ta ni ò bá fún ní yàrá iwájú?